Yàrá Kọ̀ǹpútà Àwọn Tí A Ti Dá Lẹ́bi

Kí ẹ má baà rò pé àlọ́ ni mò ń pa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún yín: obìnrin tó sọ mí di ará ọgbà ẹ̀wọ̀n ni obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Oṣù méje gbáko ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá ojú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ó ń dúró níwájú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bi mí bóyá ata inú ọbẹ̀ ṣìtọ̀ọ́ náà kò pọ̀ jù. Ẹ má wulẹ̀ fi Sókótó àti ṣòkòtò pa mí lówe o. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí ló ti fi pa mí lówe, ó ti sú mi.

Mùsbáù Àdìgún lorúkọ mi. Darkuman ni wọ́n bí mi sí, télọ̀ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Kaneshie ni mo ti ń ránṣọ. Àwọn ará Accra kan ń pe àwa Yorùbá ní Alata, àwọn mìíràn ń pè wá ní Anago, kò sí èyí tó ń dùn mí nínú méjèèjì. Ìyá tó bí mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò ní ohun ìní kankan tó fi sílẹ̀ fún mi ju ẹ̀kọ́ ilé lọ. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn náà ló gbé mi dé àhámọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sán Wẹ́sidé kan, mo lọ ra òwú àti síìpù ní Adabraka. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin kan, Yorùbá ló sì fi sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, wá bá mi gbé ẹrù yìí dé títì." N kò mọ ohun tó fi dá mi mọ̀, bóyá fìlà mi ni, bóyá bí mo ṣe ń rìn ni. Mo rí i pé irun funfun yọ lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó tó fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán mà." Láti ìgbà yẹn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Sílípáàsì aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó fi òwú dúdú so okùn ti òsì. Mo gbé ìdì aṣọ náà rù, mo tẹ̀ lé e, mo gbé e sínú takisí, ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, mo bá tèmi lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò dúró máa bi àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé tiyín ni ẹrù yìí?"

Ní ọjọ́ kẹta ni ọlọ́pàá wá mú mi nídìí máṣíìnì. Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì ti gé àwòrán kan jáde nínú fídíò rẹ̀. Èmi nìyẹn, ìdì aṣọ wà lórí mi, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ní kí o gbé e?" ọlọ́pàá bi mí.

"Màmá kan ni, sà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe máa bi àgbà lórúkọ, sà?"

"Ó dáa. Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"N kò wo ojú rẹ̀, sà."

"O gbẹ́rù fún ẹni tí o kò wo ojú rẹ̀?"

"Àgbàlagbà ni, sà. Ṣùgbọ́n mo lè ṣàpèjúwe sílípáàsì rẹ̀."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé afurasí kọ̀ láti tú àṣírí ẹni tí wọ́n jọ jalè. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí. Wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe tí ẹni tó rán ni níṣẹ́ bá wọ takisí lọ.

Ní kóòtù, adájọ́ ní òun yóò gba onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. N kò mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ju àwọn tó mú mi lọ. Bí mo ṣe dé àhámọ́ nìyẹn, láti máa dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Ìjọba fún mi ní lọ́yà ọ̀fẹ́, ọmọbìnrin Gã kan tó ń jẹ́ Dedei. Ó mọṣẹ́, ó sì máa ń sáré, nítorí ẹjọ́ ọgọ́rin èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wo fídíò náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ìyá àgbà mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà lákòókò yẹn, mo wọlé sínú àwòrán, mo pòórá, ìgbà tí mo tún yọjú, ẹrù ti wà lórí mi, èrò sì dà wá pọ̀ débi pé òun kò mọ ẹni tí mo tẹ̀ lé.

"Àwọn ọlọ́pàá ní ńṣe lo bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má baà rí ọ," ó ní.

"Mò ń kí Màmá ni, lọ́yà. Ilẹ̀ ni a ti ń kí àgbà."

"Èwo wá ni Màmá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Èyí tó wọ sílípáàsì aláwọ̀ ewé."

Dedei fọwọ́ bojú. Ó ní fídíò náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Àfi kí èmi fúnra mi wò ó, kí n fi ọwọ́ tọ́ ẹni tó rán mi níṣẹ́. Tí n kò bá rí i tọ́ka sí kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn nìkan ni adájọ́ yóò rí, ọdún mẹ́wàá kò sì jìnnà sí ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbà kí lọ́yà gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ ọgbà. Ni adájọ́ bá pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá fún mi ní fídíò náà sínú pẹ́ńdúráìfù, kí n lọ máa wò ó níbi tí mo wà. Ọlọ́pàá fi í lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ohun kékeré ni, kò tó àtàǹpàkò mi, òmìnira mi sì wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e dé ẹnubodè ọgbà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó wà ní àhámọ́ kò gbọdọ̀ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fi í sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú bẹ́líìtì mi, wọ́n kọ orúkọ mi sí i lára.

"Ẹ̀rí ẹjọ́ mi ni, sà," mo ní. "Adájọ́ ló ní kí n máa wò ó."

"Kò ní sọnù. A ó fún ọ padà lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sílé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti lẹ́tà mẹ́rin ni Dedei fi gbé pẹ́ńdúráìfù náà kúrò nínú àpòòwé lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Mo kà á.

Ìjọ kan ló kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà náà fún ọgbà wa. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní lẹ́tà góòlù pé ó wà fún àtúnṣe ìwà àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a ti dá lẹ́bi. Wọ́dà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni Ọ̀gá Nii Lantey. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kì í gba rìbá, kì í nani lẹ́gba. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló ń tẹ̀ lé, ó sì burú ju ẹgba lọ.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ka ilẹ̀kùn," ó sọ fún mi. "Àtúnṣe ìwà. Ìwọ, wọn kò tíì dá ọ lẹ́bi. Kí ni ká tún ṣe nínú ìwà rẹ?"

"Ọ̀gá, fídíò yẹn ló máa fi hàn pé n kò jẹ̀bi."

"Mo gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọ lẹ́bi gan-an, èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn fún ọ."

"Tí wọ́n bá ti dá mi lẹ́bi, kí ni mo tún fẹ́ fi fídíò ṣe?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn. Ó ní ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé. Inú bí mi débi pé mo fi orí gbá ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ba ògiri ìjọba jẹ́.

Ó tó oṣù méjì kí Ọ̀gá Lantey tó rí ọ̀nà àbáyọ. Kíláàsì tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èèyàn kan sì dín. Ó gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Àyè kan wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ń bọ̀." Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí Dedei gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ lórí àga bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá Sátidé tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Àwọn ìyá kan láti mọ́ṣáláṣí kan ló máa ń wá kí àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú ọgbà, alága wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹnubodè pé: àwọn ìyá, mẹ́jọ. Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi lórúkọ. Mo rò pé orí ìyá mi ló rán an sí mi. Pátákó wà láàárín àwa àtàwọn àlejò títí dé ìbàdí, wáyà tó ní ihò tí abọ́ lè gbà kọjá wà lórí pátákó, ọgbọ̀n èèyàn a sì máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Màá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn pátákó, màá dìde, màá tẹríba, màá na ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ oúnjẹ, wáákyé onírẹsì àti ẹ̀wà tàbí kẹ́ńkè àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ó ní àpá iná kékeré kan lẹ́yìn àtàǹpàkò. Ẹ óò ní ohùn rẹ̀ ńkọ́? Nínú ariwo yẹn, gbogbo ìyá àgbà tó bá ń ṣàdúrà, ohùn kan náà ni wọ́n ní.

Mo tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣàdúrà. Mò ń wá ojú obìnrin kan nínú fídíò."

Ó ní, "Ọlọ́run á fi ojú rẹ̀ hàn ọ́."

"Àmín, mà," mo ní, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Kíláàsì náà wá ńkọ́? Ẹ̀kọ́ méjìlá ni. Àwa mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí aṣọ náà kí a tó parí ẹ̀kọ́ karùn-ún. Orí páálí la ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ya gbogbo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sára páálí ọṣẹ, a ó jókòó ti páálí, a ó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ nítorí màlúù ló yára jù wá lọ. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìyàwó òun lórí páálí náà.

Olùkọ́ wa ni Prọ̀fẹ́sọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni òun náà, ó lu àwọn òyìnbó ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ló mọ kọ̀ǹpútà nínú gbogbo ọgbà náà, àti wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n adájọ́ tó rán an wá sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yóò fi pé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ fún un, jìnnà sí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yìn ìlà yẹn ló ti máa ń kọ́ wa, tí yóò máa fi igi gígùn kan tọ́ka. Bí igi náà bá fẹ́ kan tábìlì, Ọ̀gá Lantey á wúkọ́.

Ìdánwò wà kí wọ́n tó ṣí aṣọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, kí ni à ń pè ní kọ̀ǹpútà? Mo kọ ọ́ pé: "Ohun tí wọn kò jẹ́ kí n rí." Mo fìdí rẹmi. Ìbínú ló mú mi kọ ọ́, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún un ṣe, mo kọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tòótọ́, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ara aṣọ mi. Wọ́n ki pẹ́ńdúráìfù bọ̀ ọ́, àwòrán jáde, mo rí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Tọ́sidé kọ̀ọ̀kan. Dedei sì ti sọ fún mi pé ìṣẹ́jú kẹrìndínlógójì ni mo wọlé sínú àwòrán. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, Ọ̀gá Lantey pa ẹ̀rọ. Tọ́sidé tó tẹ̀ lé e, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí."

"Bí wọ́n ṣe ń fo síwájú nínú fídíò, ẹ̀kọ́ kọkànlá ni," Ọ̀gá Lantey dáhùn. "Ẹ̀kọ́ keje la wà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi wo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan náà. Mo mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹni mọ Fàtíhà. Mo mọ ìgbà tí ọmọge tó ń ta omi yóò ṣubú, mo mọ ìgbà tí ọkùnrin kan yóò họ ìdí tí yóò sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí i. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, ewúrẹ́ kan máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n á lé e jáde. Gbogbo kíláàsì ti fẹ́ràn ewúrẹ́ yẹn. Wọ́n á kúrò nídìí páálí wọn, wọ́n á wá dúró lẹ́yìn mi, tó bá yọjú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi nìkan ni inú mi ń bàjẹ́. Ọjọ́ Túsidé tó ń bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́ mi, Tọ́sidé ẹyọ kan ló kù, ewúrẹ́ nìkan sì ni ẹlẹ́rìí tí mo ní.

Ní Tọ́sidé yẹn, Prọ̀fẹ́sọ̀ bẹ Ọ̀gá Lantey pé kó jẹ́ kí òun kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kọkànlá ṣáájú. Ọ̀gá Lantey kọ̀. Prọ̀fẹ́sọ̀ dúró lẹ́yìn ìlà rẹ̀, ó fa imú, ó wá ní kí ọkùnrin onímàlúù gbé páálí rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ó na igi, ó gbá ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n yà sára páálí.

"Tí ẹnì kan bá di èyí mú pẹ́ lórí páálí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?" ó béèrè.

"Kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀," Prọ̀fẹ́sọ̀ fi ohùn líle sọ. "Páálí ni." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo wo Ọ̀gá Lantey. Ọ̀gá Lantey ń wo àjà bí ẹni tí wọ́n ní kó ka aláǹgbá. Mo wá bọ́tìnnì náà lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ìka lé e. Àwọn èèyàn inú fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ewúrẹ́ wọlé ó jáde kí wọ́n tó ráyè pàtẹ́wọ́, àwọn ará kíláàsì kígbe. Ìgbà tí mo ká ìka kúrò, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ara mi tí mò ń bọ̀, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù òwú lọ́wọ́. Mo rí ara mi tí mo lọ sílẹ̀. Mo dìde pẹ̀lú ẹrù, ọ̀kan nínú wọn ṣíwájú mi, mo tẹ̀ lé e. Kí ó tó kúrò nínú àwòrán, ó bojú wẹ̀yìn wo ṣọ́ọ̀bù náà, ojú rẹ̀ sì kún gbogbo kámẹ́rà.

Mo wò ó, mo wò ó. Ojú ìyá àgbà kan ni, ó rẹ̀ ẹ́, n kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gá Lantey tẹ̀ síwájú lẹ́yìn mi. "Ẹ̀ẹ́! Massa, ṣé kì í ṣe ìyá rẹ nìyí? Ìyá Sátidé?"

"Rárá o, ọ̀gá."

"Kí ni rárá? Èmi ni mo máa ń yẹ abọ́ rẹ̀ wò. Òun ni paa, òun gan-an."

Ọkùnrin onímàlúù ní Ìyá Sátidé ni lóòótọ́. Ẹni tó jókòó tì í náà sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá yẹn ló mọ ojú Màmá mi àfi èmi. Mo tún wo kọ̀ǹpútà, mo wá ọwọ́ obìnrin náà tó di ìbòrí mú, mo rí àpá iná lẹ́yìn àtàǹpàkò. Wọ́n ní mo pariwo, n kò rántí.

Ọ̀gá Lantey fi fóònù ara rẹ̀ pe Dedei fún mi, ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Dedei bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára dákẹ́. Ó ní ojú nìkan kò tó, adájọ́ yóò fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́. "Bi í lórúkọ ní Sátidé," ó ní. "Orúkọ rẹ̀ tòótọ́. Kì í ṣe Màmá."

Sátidé pé. N kò dọ̀bálẹ̀. Mo dúró gbọingbọin lẹ́yìn wáyà, mo gbé ojú sókè, mo sì wò ó. Ó ti ń na abọ́ bọ̀, ó rí ojú mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Inú ń bí mi. Oṣù méje! Ẹnì kan ti gba ìsọ̀ mi, ẹnì kan ti ta máṣíìnì mi, obìnrin yìí sì ń bi mí nípa ata. Mo fẹ́ bú u. Mo la ẹnu, ẹnu mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń bú àgbà. Mo fẹ́ bi í lórúkọ, ìyẹn náà kò jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ara mi tí mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà." Mo kórìíra ara mi níbẹ̀ yẹn.

"O ti rí mi," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun fi bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n lé òun, wọn kò jẹ́ kí òun kó aṣọ tí òun fi ọwọ́ ara òun kó wá láti Èkó. Ọjọ́ tí òun lọ mú ìdì kan ni òun rí mi. Òun rò pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọn kò fi mí sílẹ̀, ẹ̀rù ba òun, nítorí òun kò ní ìwé ìgbélùú kankan.

"Mo rò pé tí mo bá ń bọ́ ọ, ẹ̀ṣẹ̀ náà á máa dín kù," ó ní. "Kò dín kù."

Ó ti abọ́ náà sún mọ́ mi.

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kí èmi náà wo fídíò náà?"

"Rárá, mà. Àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá yín lẹ́bi."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì bí mi nínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ló bá fi ìka kan wáyà níwájú mi. "Gbé ojú rẹ sókè. Wò mí dáadáa. Rùkáyátù Àjàlá lorúkọ mi. Tí adájọ́ bá bi ọ́, dá a pè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo rán ọ níṣẹ́."

Ní Túsidé, wọ́n gbé mi dé kóòtù. Wọ́n fi fídíò náà han adájọ́, wọ́n dá a dúró síbi tí ojú ìyá àgbà náà wà, mo fi ìka tọ́ ọ. Adájọ́ bi mí pé ta ni. Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, ó lọ́ ìbòrí rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó mú un wá. N kò retí rẹ̀. Mo rò pé orúkọ nìkan ló fún mi, pé yóò ti bọ́ sínú mọ́tò tó ń lọ Èkó.

"Màmá ni, olúwa mi," mo ní.

"Màmá wo?"

Dedei yí ojú padà wò mí, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí. Ọdún mẹ́wàá ló wà lórí ahọ́n mi. Mo di igi tó wà níwájú mi mú, mo dá orúkọ àgbà pè ní gbangba, láìfi ohunkóhun ṣáájú, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Rùkáyátù Àjàlá."

"Èmi nìyí," ó dáhùn láti ẹ̀yìn, ó sì dìde dúró.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí pákó kóòtù, àyà mi ń lu pákó, omi ń bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ tí adájọ́ ń béèrè pé kí ló ṣe mí, mo gbọ́ tí Dedei ń sọ pé n kò dákú, pé mò ń kí ẹnì kan ni. Adájọ́ ní kí n dìde. Akọ̀wé kóòtù ní kí n dìde. Ọlọ́pàá kan fà mí léjìká, n kò dìde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìn láti lọ mú un, mo sì gbọ́ tó ní kí wọ́n dúró ná.

"Dìde, ọmọ mi," Màmá ní. "Máa lọ sílé."

Mo bá dìde.